Irin tí wọ́n fi sí ìbàdí ìyá mi ti ń bàjẹ́: ta la máa pè lẹ́jọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì. Ọdún kẹjọ rèé tí wọ́n ti pààrọ̀ ìbàdí ìyá mi sí onírin. Ọdún tó kọjá ni ìrora bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n ní cobalt, ìyẹn èròjà irin tó ń bọ́ lára ìbàdí onírin, ti pọ̀ nínú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àfi kí wọ́n yọ irin náà kí wọ́n fi òmíràn sí i. Ohùn àwọn èèyàn ò ṣọ̀kan. Ẹnì kan ní dókítà ni ká mú. Ẹlòmíràn ní ilé-iṣẹ́ tó rọ irin ni. Bọ̀dá mi ní ìyá wa ti fọwọ́ síwèé kí wọ́n tó gbé wọn wọ tíátà, nítorí náà ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ta ni ká tẹ̀ lé nínú wọn?

* * *

Ẹ fi ti ẹni tẹ́ ẹ máa pè lẹ́jọ́ sílẹ̀ ná. Ọjọ́ wo ni wọ́n fẹ́ yọ irin náà? Ìyẹn ni mo fẹ́ mọ̀, torí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí irin yẹn lọ́jọ́ náà ló máa sọ bóyá ẹ ní ẹjọ́ tàbí ẹ ò ní.

Nọ́ọ̀sì tíátà ni mí, mo mọ bó ṣe máa ń rí. Bí dókítà bá ti yọ irin àtijọ́, inú àwo ló ń lọ. Gbogbo ojú wà lára aláìsàn: ẹ̀jẹ̀ ń jáde, wọ́n ń gbọ́n inú eegun, wọ́n ń wọn irin tuntun. Kò sẹ́ni tó ń ronú nípa ilé ẹjọ́. Bí kò bá sí ìwé kankan nílẹ̀ tó sọ pé aláìsàn fẹ́ irin rẹ̀, ó lè bá pàǹtírí lọ. Wọ́n sì lè fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi ooru pa kòkòrò ara rẹ̀, kí wọ́n wá kó o fún aṣojú ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ẹni tó ní àwọn fẹ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ bá ṣẹjọ́ lẹ fa ẹ̀rí lé lọ́wọ́ yẹn.

Nítorí náà, kí ìyá yín kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé. Kó wà nínú lẹ́tà náà pé gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ ni kí wọ́n tọ́jú: orí irin (bọ́ọ̀lù tó ń yí), ife rẹ̀ (ibi tí orí ń yí sí), ọ̀pá inú eegun, ìdè, àti ẹran ara díẹ̀ tí wọ́n bá gé níbẹ̀. Kí wọ́n ya fọ́tò wọn. Kí wọ́n kọ orúkọ, ọjọ́ àti wákàtí sára ike tí wọ́n bá kó wọn sí. Kí ẹnikẹ́ni tó bá gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn fọwọ́ sí i. Kí ẹnikẹ́ni má gé e, kí wọ́n má sì gbé e fún ilé-iṣẹ́ láìjẹ́ pé ìyá yín kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn gbà. Ẹ gba ẹ̀dà lẹ́tà náà pẹ̀lú òǹtẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ tún sọ fún dókítà lẹ́nu, torí lẹ́tà lè sùn sórí tábìlì akọ̀wé.

Èkejì ni alẹ̀mọ́. Inú páálí irin kọ̀ọ̀kan ni àwọn alẹ̀mọ́ pélébé kan wà, àwa nọ́ọ̀sì la máa ń ṣí wọn tí a ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ fáìlì nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Ẹ ó rí REF, ìyẹn irú irin tó jẹ́. LOT tàbí SN, ìyẹn nọ́ńbà ìdìpọ̀ tí wọ́n ṣe é mọ́ tàbí nọ́ńbà tirẹ̀ gan-an. Àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é tàbí ọjọ́ tí àkókò rẹ̀ máa tán. Ìbàdí kan lè ní tó mẹ́rin, torí ife, ìtẹ́ inú ife, orí àti ọ̀pá ní tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ béèrè ẹ̀dà ojú ìwé yẹn ní pàtó. Bí wọ́n bá kàn fún yín ní àkópọ̀ ìwòsàn, "wọ́n pààrọ̀ ìbàdí ọ̀tún" ni ẹ máa bá níbẹ̀, ìyẹn ò sì wúlò fún lọ́yà.

Ní Yúróòpù, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní May 2021 ti mú un ní dandan kí wọ́n fún aláìsàn ní káàdì tí nọ́ńbà yìí wà lára rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ìyá yín lè ti ṣáájú rẹ̀. Fáìlì lẹ máa wá lọ.

* * *

*Òǹkàwé kan kọ̀wé pé:* "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń dáàbò bo àwọn dókítà. Dókítà ló fi irin sí i, òun la mọ̀, òun la máa mú."

Mi ò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, a ò sì tíì gbọ́ ti irin fúnra rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló lè ba ìbàdí onírin jẹ́. Ó lè jẹ́ pé bí wọ́n ṣe yà á tàbí bí wọ́n ṣe rọ ọ́ ni kò dáa. Ó lè jẹ́ pé dókítà gbé e sí wíwọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀ ni, kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Bí ẹ bá gbé dókítà lọ sílé ẹjọ́ tó wá jẹ́ pé irin ni, á mú dókítà mìíràn wá jẹ́rìí pé ọwọ́ òun tọ́, ẹjọ́ á sì dà nù. Bí ẹ bá sì mú ilé-iṣẹ́ nìkan, gbólóhùn àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu lọ́yà wọn ni pé dókítà ni kò gbé e sí bó ṣe yẹ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ASR, ìbàdí tí DePuy ṣe, ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ abẹ́ Johnson & Johnson. Irin ń yí nínú irin ni. Ife rẹ̀ kò jìn tó ti àwọn yòókù, tó bá ti yà díẹ̀ báyìí, etí ife á máa ha orí irin, cobalt àti chromium á máa bọ́ sínú ara. Bí ẹ bá ṣí irú ìbàdí bẹ́ẹ̀, ẹran tó yẹ kó pupa á ti di eérú, omi tó wà níbẹ̀ á dúdú bí epo ẹ́ńjìnnì tó ti pẹ́. Àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè Australia, níbi tí wọ́n ti ń ka gbogbo ìbàdí tí wọ́n bá pààrọ̀, ló kọ́kọ́ ta àwọn èèyàn lólobó. Wọ́n kó o kúrò lọ́jà níbẹ̀ ní ìparí 2009. Ní August 2010 ni wọ́n pè é padà káàkiri ayé, nǹkan bí 93,000 irú rẹ̀ ni wọ́n sì ti lò. Ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé láàárín ọdún 5, nǹkan bí 12 sí 13 nínú 100 ni wọ́n ti tún ṣe.

Ṣé ọwọ́ gbogbo àwọn dókítà yẹn ni kò tọ́? Èrò tèmi ni pé irin tí kò gba kí ọwọ́ èèyàn yà díẹ̀, irin burúkú ni. Kò sí dókítà kan láyé tí ọwọ́ rẹ̀ ń bọ́ sójú kan náà nígbà gbogbo. Ẹni tó bá ń ṣe irin fún lílo nínú ara èèyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kó fàyè sílẹ̀ fún un. Irú ẹjọ́ báyìí ni àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè ti máa ń ṣèrànwọ́: bí irin kan náà bá ń bàjẹ́ lọ́wọ́ ọgọ́rọ̀ dókítà, ẹnu ilé-iṣẹ́ ò ní lè gbà á mọ́ pé ọwọ́ dókítà ni.

* * *

Ìwé tí ìyá fọwọ́ sí. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, torí ó ti lé ọ̀pọ̀ aláìsàn padà sílé láìbéèrè ohun tó tọ́ sí wọn.

Ohun tí aláìsàn gbà nínú ìwé yẹn ni pé iṣẹ́ abẹ ní ewu, àti pé wọ́n ti ṣàlàyé àwọn ewu náà fún òun: ẹ̀jẹ̀ lè dì, egbò lè kẹ̀, ìbàdí lè yẹ̀. Kò sí ibi tó ti gbà pé kí ilé-iṣẹ́ rọ irin tí kò dára. Kò sì ṣeé ṣe kó gba ewu tí wọn ò sọ fún un. Bí ilé-iṣẹ́ bá mọ ewu kan tí kò kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà tó fún dókítà, dókítà ò ní mọ̀ ọ́n, aláìsàn á ṣe wá mọ̀ ọ́n?

Ilé ẹjọ́ àpapọ̀ ilẹ̀ Australia dá irú ẹjọ́ yìí ní November 2019, lórí àwọn àwọ̀n tí wọ́n ń fi sínú ara, èyí tí Ethicon, ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ abẹ́ Johnson & Johnson náà, ṣe fún àwọn obìnrin tí ilé ọmọ tàbí àpòòtọ̀ wọn ti rọ̀ wá sísàlẹ̀. Àwọ̀n náà ń gé ẹran ara, ó ń yọ jáde lójú ara, ọ̀pọ̀ wọn ò lè bá ọkọ sùn mọ́, àwọn kan ò lè jókòó pẹ́. Gbogbo wọn ló fọwọ́ síwèé. Adájọ́ sì dá wọn láre: ilé-iṣẹ́ ò kìlọ̀ bó ṣe yẹ. Ní 2022, wọ́n fẹnu kò sí 300 mílíọ̀nù dọ́là Australia.

Nítorí náà ẹ sọ fún bọ̀dá yín pé kí wọ́n wá ìwé yẹn jáde kí wọ́n kà á. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀rí tó dára jù lọ tẹ́ ẹ ní.

* * *

*Ẹlòmíràn:* "Ìjọba ló fi òǹtẹ̀ lu irin yẹn. Ta ló máa bá ohun tí ìjọba fọwọ́ sí ṣẹjọ́?"

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní 2008, nínú ẹjọ́ Riegel àti Medtronic, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ sọ pé bí FDA, àjọ ìjọba tó ń yẹ oògùn àti ohun èlò ìwòsàn wò, bá ti yẹ ohun èlò kan wò fínnífínní kó tó fọwọ́ sí i, òfin ìpínlẹ̀ kò lè tún máa sọ fún ilé-iṣẹ́ pé ìbá ti ṣe é lọ́nà mìíràn. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ló kú síbẹ̀. Mi ò fara mọ́ ìdájọ́ yẹn. Ó fi aláìsàn sílẹ̀ láìsí ibi tó máa ké gbàjarè sí, bẹ́ẹ̀ ìjọba tó fọwọ́ sí i kò ní san kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun èlò ló gba ọ̀nà yẹn kọjá. Ọ̀pọ̀ wọn gba ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní 510(k), níbi tí ilé-iṣẹ́ kàn ti máa fi hàn pé ohun tí òun ṣe jọ èyí tó ti wà lọ́jà tẹ́lẹ̀. Ilé ẹjọ́ kan náà ti sọ ní 1996, nínú ẹjọ́ Medtronic àti Lohr, pé ọ̀nà yìí kò dí ẹjọ́. Ọ̀nà yìí náà ni ASR gbà wọ Amẹ́ríkà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ mọ orúkọ irin yín gan-an, kì í ṣe "irin ìbàdí" lásán.

Ní ilẹ̀ Faransé, òǹtẹ̀ fúnra rẹ̀ ló wá dẹjọ́. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ PIP ń kó sílíkọ́nì tí kò yẹ fún ara èèyàn sínú ọmú àtọwọ́dá. Àṣírí tú ní 2010, ilé-iṣẹ́ náà sì wọko gbèsè lọ́dún kan náà. Ní 2013, wọ́n rán Jean-Claude Mas, ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, lẹ́wọ̀n ọdún 4. Ẹ̀wọ̀n ò san owó ìwòsàn fún ẹnikẹ́ni, àpò ilé-iṣẹ́ ti gbẹ. Àwọn obìnrin náà wá yíjú sí TÜV Rheinland, ilé-iṣẹ́ Jámánì tó ń yẹ ìlànà iṣẹ́ PIP wò kó tó fún wọn ní òǹtẹ̀. Ẹjọ́ náà lọ, ó bọ̀, ó gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2021 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Paris sọ pé TÜV náà ṣe àìbìkítà. Bí ẹni tó ṣe irin yín bá ti kógbá wọlé, kí lọ́yà yín wo ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó kó o wọ̀lú, àti ẹni tó bá a dúró fún ìbánigbófò.

* * *

*Ẹni tó béèrè tún padà wá:* "Ẹ ṣé gan-an. Ìyá mi ní kí àwọn kọ́kọ́ gba ara àwọn là, tí ara bá ti balẹ̀ ní ọdún méjì sí mẹ́ta, ká wá bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́."

Rárá o! Ẹ bá mi bẹ ìyá.

Òfin ń ka ọjọ́, kò sì ní dúró de ara tó ń yá. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 3 ni wọ́n ń fún èèyàn láti ọjọ́ tó ti mọ̀, tàbí tó yẹ kó ti mọ̀, pé ohun èlò ló ṣe òun léṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, odi ńlá kan tún wà: ọdún 10. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti ń ka ọdún 10 yìí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ gbé irin náà jáde fún títà ni. Páálí yẹn sì lè ti wà lórí pẹpẹ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó ṣí i.

Ọdún mẹ́jọ ni ìyá yín ti ń gbé irin yìí rìn. Ẹ ṣírò ó. Bí ẹ bá wà níbi tí òfin ọdún 10 ti ń ṣiṣẹ́, ẹ lè má ní ju oṣù díẹ̀ lọ. Ọjọ́ tó wà lára alẹ̀mọ́ ló máa là yín lóye, ìyẹn ni mo ṣe ń pariwo alẹ̀mọ́. Yúróòpù ti ṣe òfin tuntun ní 2024 tó sọ ọ́ di ọdún 25 fún ìpalára tó fara pamọ́ sínú ara, ṣùgbọ́n ọjà tó bá jáde lẹ́yìn 9 December 2026 nìkan ni ó wà fún. Kò kan ìyá yín.

Ẹ ò sọ ibi tẹ́ ẹ wà. Ọjọ́ tí òfin fàyè gbà yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, nítorí náà òun gan-an ni kó jẹ́ ìbéèrè àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa bi lọ́yà, kó sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Lọ́yà lè pẹjọ́ kí ọjọ́ má bàa kọjá, kí ẹ̀rí yòókù máa bọ̀ lẹ́yìn.

* * *

Ẹnì kan béèrè ohun tó yà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì. Ẹ̀rọ tó ń mú ọkàn lù wà láyà bàbá rẹ̀, lẹ́tà sì ti dé pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè dákú lójijì. Kò tíì ṣe bàbá ní nǹkan kan. Ṣé wọ́n lè béèrè owó?

Ní Yúróòpù, bẹ́ẹ̀ ni. Ní 5 March 2015, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù dáhùn ìbéèrè yìí lórí àwọn ẹ̀rọ ọkàn tí wọ́n ti fi sára àwọn ará Jámánì. Wọ́n ní bí a bá ti mọ̀ pé irú ẹ̀rọ kan lè bàjẹ́, a lè ka gbogbo irú rẹ̀ sí ohun tó lábùkù láìdúró kí ti ẹni kọ̀ọ̀kan dákú, torí kò sẹ́ni tó ń retí kí ohun tó ń gbé ẹ̀mí òun ró máa já òun kulẹ̀. Ìdájọ́ yìí tẹ́ mi lọ́rùn gan-an. Owó iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ náà lè bọ́ sọ́rùn ilé-iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n kí bàbá má sáré lọ yọ ọ́ nítorí ẹjọ́. Láyé fáàfù ọkàn Björk-Shiley, èyí tí wọ́n ti fi sára nǹkan bí 86,000 èèyàn kí wọ́n tó dá a dúró ní 1986, ẹlòmíràn wà tí ewu yíyọ rẹ̀ ju ewu fífi í sílẹ̀ lọ. Dókítà ọkàn ló máa wọ̀n ọ́n.

* * *

Mo tún rí àwọn tó ń sọ pé bí wọ́n bá ti pe irin padà, owó ti délé. Kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí lọ́yà kankan fi ìyẹn tàn yín.

Ìbàdí kan tún wà tó ń jẹ́ Pinnacle, DePuy náà ló ṣe é. Ní December 2016, àwọn ará ìlú tó jókòó gbẹ́jọ́ ní Dallas ní kí ilé-iṣẹ́ san ju bílíọ̀nù 1 dọ́là fún èèyàn 6, adájọ́ sì gé e sí nǹkan bí ìdajì lẹ́yìn náà. Ní 2018, ẹjọ́ onírin-nínú-irin Pinnacle yìí kan náà dé ilé ẹjọ́ gíga ní London. Àwọn olùpẹjọ́ lé ní 300. Wọ́n pàdánù. Ohun tí adájọ́ fẹ́ kí wọ́n fi hàn ni pé Pinnacle burú ju àwọn ìbàdí mìíràn tó wà lọ́jà nígbà náà lọ, kì í ṣe pé ó dùn wọ́n nìkan. Wọn ò lè fi í hàn.

Ìrora ìyá yín ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè dá ẹjọ́ yìí. Èsì ẹ̀jẹ̀, X-ray láti ọdún dé ọdún, irin tí wọ́n yọ àti onímọ̀ tó wọn bí ó ṣe jẹ tó ni ilé ẹjọ́ máa wò.

* * *

Lórí owó, ọ̀rọ̀ díẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá pe irin padà, ó lè ní òun máa san owó ìwòsàn, kí ẹ kàn fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kan. Ẹ ka fọ́ọ̀mù yẹn títí dé ìlà tó kéré jù. Ó lè fún wọn láṣẹ lórí gbogbo fáìlì ìyá, ó lè ní kí ẹ kó irin fún wọn, ó sì lè pa ẹ̀tọ́ ẹjọ́ yín rẹ́ pátápátá. Lọ́yà ni kó kọ́kọ́ rí i.

Bí ó bá sì dé orí àdéhùn, iye tí ìwé ìròyìn ń gbé kì í ṣe iye tó ń wọ àpò. Nínú àdéhùn ASR ti 2013 ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí bílíọ̀nù 2.5 dọ́là fún nǹkan bí 8,000 èèyàn, 250,000 dọ́là ni ìpìlẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ: ẹni tó ń mu sìgá, ẹni tó sanra jù, ẹni tó dàgbà, ẹni tí irin ti pẹ́ lára rẹ̀. Owó lọ́yà náà jáde. Ẹ béèrè lọ́wọ́ lọ́yà kí ẹ tó gbà á: ìpín wo ló ń mú, ta ló ń san owó onímọ̀ bí a bá pàdánù?

Ní Íńdíà, ọ̀rọ̀ ASR kan náà di ti ìjọba, wọ́n sì ṣètò owó gbà-má-bínú fún àwọn tó fara gbá. Ó lé ní 4,000 èèyàn tí wọ́n fi irin náà sí lára níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ni wọn ò rí títí dòní, torí kò sí àkọsílẹ̀ tó sọ irin tó wà lára ẹni àti ibi tó ń gbé.

* * *

*Ẹni tó béèrè:* "Iṣẹ́ abẹ náà ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti kọ lẹ́tà náà, wọ́n ti lu òǹtẹ̀. Wọ́n ní àwọn máa fi irin sínú omi apakòkòrò tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹran ara. Ṣé ó dáa?"

Ẹran ara ni kó lọ sínú omi yẹn, kó lọ bá àwọn tó ń yẹ ẹran ara wò. Ti irin, ẹ jẹ́ kí lọ́yà béèrè lọ́wọ́ onímọ̀ tó máa yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe fẹ́ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, kó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí tíátà ṣáájú. Kí wọ́n má fi nǹkan ha á, kí orí àti ife má máa gbára wọn nínú ike kan náà. Ẹ tún gba ẹ̀jẹ̀ ìyá kí wọ́n tó yọ irin, àti lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí wọ́n bá yọ ọ́ tán. Bí cobalt bá wálẹ̀, ó ń sọ ibi tó ti ń wá.

Ní ti ẹni tẹ́ ẹ máa pè lẹ́jọ́, lọ́yà lè kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ àti ti ilé ìwòsàn pọ̀ sínú ìwé ẹ̀sùn báyìí nítorí ọjọ́ tó ń lọ. Bí ìròyìn onímọ̀ bá dé, tó bá ní ọwọ́ dókítà tọ́, wọ́n á yọ orúkọ ilé ìwòsàn kúrò. Ẹ sọ fún dókítà náà ní gbangba kó má bàa gbọ́ ọ lẹ́yìn, torí ẹ ṣì máa nílò rẹ̀ láti wá sọ ohun tó fojú rí nígbà tó ṣí ìbàdí yẹn.